Ọ̀dà Nìkan Ló Kù

Nínú gbogbo ohun tó wà láyé yìí, kò sí èyí tí Kúbúrá kórìíra tó ṣáláńgá ilé tí wọ́n ń gbé ní Tudun Wada, nílùú Minna. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni òun àti Mùstàphá ọkọ rẹ̀ fi gbé yàrá kan àti pálọ̀ kan nínú ilé náà, ayálégbé mẹ́sàn-án ló sì ń pín ihò kan ṣoṣo lò. Bí ó bá fẹ́ wọ ibẹ̀, yóò fi ìborí di imú, yóò ká ìró sókè dé orúnkún, yóò tutọ́ kó tó wọlé, yóò tún tutọ́ nígbà tó bá jáde. Àwọn ará ilé a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìyàwó akọ̀wé ń ṣe bí ọmọ ọba. Kí wọ́n máa wí. Olùkọ́ ni Kúbúrá, ìmọ́tótó àti oúnjẹ sísè ló ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ilé ẹ̀kọ́ girama, ó sì ń tì í lójú láti dúró níwájú pátákó kó máa sọ̀rọ̀ ọṣẹ àti kàn-ìn-kàn-ìn fún ọmọ ọlọ́mọ, nígbà tí ìdin ń rìn lẹ́nu ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tirẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ló ń bẹ Ọlọ́run fún: ilé tí yóò jẹ́ tiwọn, tí ìyá rẹ̀, Mọ̀ríámọ̀, yóò lè wá fi ọjọ́ alẹ́ rẹ̀ gbé. Ìyá náà ti lé ní àádọ́rin ọdún, orúnkún rẹ̀ kò sì jẹ́ kó lè lóṣòó mọ́. Nígbà tó wá kí wọn kẹ́yìn láti Ìlọrin, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ nínú ṣáláńgá yẹn. Kúbúrá fúnra rẹ̀ ló wẹ̀ ẹ́, ìgbà mẹ́ta ló sì pààrọ̀ omi. Láti ọjọ́ náà ló ti búra pé ìyá òun kò ní fẹsẹ̀ kan ibẹ̀ mọ́ títí ayé.

Ní ọdún 2005 ni wọ́n gbọ́ pé ilé kan fẹ́ di títà ní Lókọ́ọ̀sì, ìyẹn ìlú tuntun tí ìjọba là sí ẹ̀yìn àdúgbò Sójè. Ìlú orí pépà ni. Títì rẹ̀ gún bí okùn àgbà, ilé rẹ̀ jọra bí ọmọ ìyá, nọ́ńbà ni wọ́n sì fi ń pe ojúlé dípò orúkọ. Wọ́n fi pátákó sí ibi tí ọjà yóò wà, wọ́n fi sí ibi tí ọsibítù yóò wà, wọ́n fi sí ti ilé ẹ̀kọ́ náà. Ọdún kẹsàn-án rèé, ẹnìkan ti gbin ọkà bàbà sí ọjà, ewúrẹ́ sì ń jẹ̀ ní ọsibítù. Wọ́n ri páìpù omi mọ́lẹ̀ káàkiri, omi kò gba ibẹ̀ kọjá rí, kálukú wa kànga tirẹ̀. Síbẹ̀, ilé kọ̀ọ̀kan ní yàrá mẹ́ta, ó sì ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tirẹ̀ nínú, èyí tí ènìyàn ń jókòó lé. Kí ni Kúbúrá tún fẹ́ fi ọjà ṣe?

Ẹni tó ni ilé náà ni Alfa Sàláhúdéènì, ọmọ Ìlọrin bíi tiwọn, ẹni tí ọ̀pọ̀ ará Ìlọrin ní Minna ń kírun lẹ́yìn rẹ̀. Òun ló kọ́ Mùstàphá ní Kùránì ní kékeré, ẹgba rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn Mùstàphá títí dòní. Ó ní òun fẹ́ padà sí Tudun Wada kí òun lè sún mọ́ àwọn ọmọ kéwú òun. Nígbà tí wọ́n béèrè bí ilé ti rí, ó fọwọ́ gbá irùngbọ̀n rẹ̀ jẹ́jẹ́.

“Ilé ò ní nǹkan kan tó ń ṣe é,” ló wí. “Ọ̀dà nìkan ló kù. Ẹ kun ọ̀dà, ẹ pààrọ̀ ilẹ̀kùn méjì, ẹ wọlé.”

Wọ́n lọ wo ilé. Mùstàphá kò kọjá pálọ̀, nítorí ẹlẹ́hàá ni ìyàwó Alfa, kò sì sí ọkùnrin tó gbọ́dọ̀ ré kọjá kọ́tìnì tó wà lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn. Kúbúrá nìkan ló wọlé lọ bá obìnrin náà. Àmínát ni orúkọ rẹ̀, Ìyá Husnah ni wọ́n ń pè é, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń rẹ́rìn-ín ṣùgbọ́n tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Yàrá rẹ̀, tó wà lẹ́yìn pátápátá, mọ́ tónítóní. Ilẹ̀ rẹ̀ ń dán, wọ́n ta kọ́tìnì bo fèrèsé, turari sì ń jó nínú ìkòkò kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, èéfín rẹ̀ kún gbogbo yàrá. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Minna mọ̀ pé ẹni tí wọ́n bá jó turari fún ti gba ọlá. Àmínát gbé ìkòkò náà sún mọ́ àlejò rẹ̀, Kúbúrá na ìborí sórí èéfín kó lè gbá a wọlé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló lọ kí wọ́n tó rà á. Ní ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, turari ń jó. Agogo mẹ́wàá àárọ̀ ni, turari ń jó. Kò tilẹ̀ wá sí i lọ́kàn láti béèrè ìdí rẹ̀. Ta ni yóò béèrè lọ́wọ́ onílé pé kí ló dé tó fi ń bu ọlá fún òun? Nígbà tí wọ́n ń darí lọ sílé, ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé bí àwọn obìnrin tó kù bá mọ ìmọ́tótó bí Ìyá Husnah, òun ì bá ti fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀.

Wọ́n ra ilé. Owó kọpurétífù Kúbúrá ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn mọ sí bẹ́ẹ̀. Wọ́n kun ọ̀dà aláwọ̀ ẹyin sí gbogbo ara ògiri, wọ́n kun funfun sí àjà. James, káfíńtà kan láti Sabon Gari, so ilẹ̀kùn tuntun méjì. Ìparí oṣù kẹta ni wọ́n kó wọlé, ìgbà tí oòrùn Minna ń bó ènìyàn láwọ. Yàrá ẹ̀yìn ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún Mọ̀ríámọ̀, nítorí òun ló sún mọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ jù. Kúbúrá tẹ́ bẹ́ẹ̀dì sí i fúnra rẹ̀. Ìyá yóò dé ní ọjọ́ Àìkú kejì.

Ọjọ́ kejì tí wọ́n dé ibẹ̀ ni àbíkẹ́yìn Kúbúrá jáde láti yàrá náà ní ọ̀sán gangan, ó fi ìka méjì di imú. Bí gbogbo ọmọ tí a bí sí Minna, Hausa ló kọ́kọ́ máa ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

“Mama, dakin nan yana wari,” ló wí.

Pé yàrá ń rùn! Ilé tuntun, ọ̀dà tuntun! Kúbúrá bú u, ó ní òórùn ọ̀dà ni, ṣùgbọ́n ó lọ wò ó. Kò sí turari níbẹ̀ mọ́, oòrùn sì ti kan páànù gidi. Òórùn náà tì í sẹ́yìn bí ẹni ta á nípàá. Kì í ṣe òórùn eku tó kú, kì í ṣe ti ìtọ̀ ọmọdé, ó dà bí ẹni pé wọ́n po méjèèjì pọ̀ tí wọ́n sì gbé e ka iná. Ó ń ta imú, ó ń ta ojú, ó ń lẹ̀ mọ́ni lọ́nà ọ̀fun. Ó fi oògùn ísáàlì fọ ilẹ̀, ó gbé bẹ́ẹ̀dì kúrò, ó wo abẹ́ rẹ̀, kò rí nǹkan kan. Lọ́jọ́ kẹta, bó ṣe ń ká aṣọ ìbora ìyá rẹ̀, nǹkan kan kán tó sí i lẹ́yìn ọwọ́. Omi pupa rẹ́súrẹ́sú ni. Ó gbójú sókè fún ìgbà àkọ́kọ́. Ọ̀dà funfun tí wọ́n kùn sí àjà ti yọ àbàwọ́n bàǹtà-banta, bí ìgbà tí ènìyàn da tíì sórí aṣọ àlà, ọ̀kan gan-an lókè ibi tí orí ìyá rẹ̀ yóò wà.

Ó dúró sẹ́yìn ilé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, nígbà tí wọ́n ń pe ìrun Màgàríbì. Ohun tó rí ni àdán. Wọ́n ń jáde lábẹ́ etí òrùlé lọ́kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà ní méjì-méjì, lẹ́yìn náà ni wọ́n ń tú jáde bí èéfín. Wọ́n kírun tán, àwọn àdán kò tíì tán. Kúbúrá rántí pé òun ti fi ọwọ́ yẹn, ọwọ́ tí nǹkan kán sí, gé búrẹ́dì fún àwọn ọmọ lọ́sàn-án. Èébì gbé e níbẹ̀, ó sì bì títí tí kò fi sí ohun tó kù ní ikùn mọ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó wọ ọkọ̀ lọ sí Tudun Wada. Inú ń bí i débi pé kò lè kí èèyàn lọ́nà. Kì í ṣe Alfa ló ń lọ bá. Àmínát ló fẹ́ bá wí, obìnrin bíi tirẹ̀, tó rẹ́rìn-ín sí i, tó fi turari dí i nímú, tó sì ta ìgbẹ́ àdán fún un. Ó ti to ọ̀rọ̀ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe ẹnu olùkọ́ ló yẹ kó ti jáde. Àmínát gbọ́ gbogbo rẹ̀ láìṣẹ́jú. Ó gbé àga fún un, ó bu omi fún un. Turari kò jó nínú yàrá tuntun yìí, fèrèsé ṣí sílẹ̀ gbayawu.

“Ọjọ́ mélòó lo ti lò níbẹ̀, Ìyá Muneer?” ló bi í, orúkọ àkọ́bí Kúbúrá ló fi pè é.

Kúbúrá ní ọjọ́ kẹrin rèé.

“Ọdún mẹ́sàn-án ni mo lò,” ni Àmínát dáhùn. “Tọ̀sán-tòru. Mi ò sì jáde.”

Lẹ́yìn náà ló wá ń sọ ọ́, ohùn rẹ̀ kò gòkè, kò sì rẹlẹ̀. Ọdún kejì tí wọ́n dé Lókọ́ọ̀sì ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó sọ fún Alfa pé nǹkan ń bẹ lókè àjà, kí wọ́n pe káfíńtà. Alfa ní káfíńtà ha lè dé orí àjà láìwọ yàrá bí? Ó ní kò sí ọkùnrin tí yóò fi ẹsẹ̀ tẹ ibi tí ìyàwó òun ń sùn. Àmínát bẹ̀ ẹ́ pé òun yóò lọ sọ́dọ̀ àwọn èèyàn òun fún ọjọ́ méjì kí wọ́n fi ṣe é. Alfa ní ẹlẹ́hàá kì í rin ìrìn àjò nítorí eku. Bí òórùn ti ń pọ̀ sí i, tó ń ráhùn, Alfa ní àlá ló ń lá. Nígbà tí ìró ìyẹ́ kò jẹ́ kó sùn mọ́, Alfa ní àlùjọ̀nnú ló ń bá a jà, ó kọ hàǹtú, ìyẹn ọ̀rọ̀ Kùránì, sí wàláà, ó fi omi fọ̀ ọ́, ó fún un mu. Ọdún méje ló fi mu hàǹtú nítorí àdán. Alfa fúnra rẹ̀ ń sùn ní yàrá iwájú, níbi tí atẹ́gùn wà. Turari tí Kúbúrá rí, kì í ṣe nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe jó o. Ojoojúmọ́ ni Àmínát ń jó o, kó lè rí oúnjẹ jẹ.

Kúbúrá ti gbé ìbínú wá, kò sì rí ibi tí yóò sọ ọ́ kalẹ̀ sí. Bàbá tirẹ̀ náà, alfa ni ní Ìlọrin, ẹlẹ́hàá sì ni ìyá rẹ̀ Mọ̀ríámọ̀ nígbà èwe. Lọ́jọ́ tí òrùlé wọn jò, bàbá rẹ̀ kó ìyá lọ sí yàrá kejì, ó pe àwọn oníṣẹ́ wọlé, ó sì tún dúró tì wọ́n. Ibi tí Alfa Sàláhúdéènì ti rí tirẹ̀ kọ́ ni kò yé e. Ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Àmínát, ó sì sọ fún un pé lọ́jọ́ Sátidé òun yóò la àjà náà.

Nílé, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún Mùstàphá. Mùstàphá ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ẹni tó bá ti bá ọkùnrin gbé fún ọdún mẹ́tàdínlógún mọ ohun tí wíwo ẹsẹ̀ túmọ̀ sí. Nígbà tí Kúbúrá tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọ̀rọ̀, ó jẹ́wọ́: Alfa ti sọ fún òun kí wọ́n tó rà á pé ẹyẹ díẹ̀ wà lókè. Ẹyẹ díẹ̀! Ó ní ojú Alfa ni òun ń wò, ọwọ́ òun kò sì lè na ìka sí ẹni tó kọ́ òun ní alífù. Ó tún ní kí ó má ṣe jẹ́ kí wọ́n la àjà. Bí wọ́n bá kó ìgbẹ́ àdán náà síta, gbogbo Lókọ́ọ̀sì ni yóò mọ ohun tí Alfa tà, orúkọ ni Alfa sì fi ń jẹun. Ẹ jẹ́ ká bo àṣírí, ló ń wí. Ká tún ọ̀dà kùn lẹ́ẹ̀kan sí i, ká wá turari, ká máa ṣí fèrèsé.

“Ìyá mi ń kọ́?” ni Kúbúrá bi í.

“Ìyá ti dàgbà,” ni Mùstàphá dáhùn. “Imú wọn ò gbóòórùn tó bẹ́ẹ̀ mọ́.”

Kúbúrá wò ó. Ìgbà yẹn ló wá mọ̀ pé òun kò tíì rí ìríra rí, kì í ṣe ní ṣáláńgá Tudun Wada, kì í ṣe lẹ́yìn ilé nírọ̀lẹ́ àná. Ọkùnrin tó fi ìbora bò ó nígbà tó bímọ mẹ́ta rèé, tó fẹ́ tẹ́ ìyá òun sábẹ́ ìtọ̀ àdán kí alfa rẹ̀ má baà tẹ́. Kò bá a jà. A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá, ètè sì rèé níwájú rẹ̀, ó wọ ṣòkòtò. Ó kó ẹrù tirẹ̀ kúrò ní yàrá wọn, ó lọ bá àwọn ọmọ sùn.

Lọ́jọ́ Sátidé, lẹ́yìn tí wọ́n jẹun àárọ̀ tán, James dé pẹ̀lú àkàbà àti ẹnìkejì rẹ̀ kan. Mùstàphá ti jáde láti ìdájí. James fi aṣọ di imú, ó fi irin yọ páálí àjà kan, ó sì fò sẹ́yìn. Ohun tó wà lókè rọ́ wálẹ̀, dúdú, gbígbẹ lókè, ẹlẹ́rọ̀fọ̀ nísàlẹ̀, ó ga tó ìdí ènìyàn lórí ilẹ̀. Ìdin wà nínú rẹ̀, aáyán wà nínú rẹ̀, òkú ọmọ àdán tí kò tíì hu irun wà nínú rẹ̀ bí ẹ̀fọ́ yánrin tó ti rà. James jáde lọ bì lẹ́bàá kànga. Nígbà tó padà, ó ní kí Kúbúrá jọ̀ọ́ má bínú, ó ní ta ló ń sùn síbí? Kúbúrá ní obìnrin kan ni. James kò bi í ní ìbéèrè mìíràn.

Àpò ìrẹsì mẹ́tàlá ló kún. Kúbúrá ní kí wọ́n má gbé wọn lọ sẹ́yìnkùlé, kí wọ́n tò wọ́n sí iwájú ilé, lẹ́bàá títì. Nígbà tó fi máa di ìrun Ọ̀sán, kò sí ẹni tó ń kọjá tí kò dúró. Àwọn èèyàn di imú, wọ́n ń kí i ní Hausa, ní Yorùbá: sannu da aiki, ẹ kú iṣẹ́, kí lèyí? Kúbúrá ń dá gbogbo wọn lóhùn lọ́nà kan náà, pé ohun tó wà nínú ilé tí àwọn rà ni. Kò dárúkọ Alfa lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kò sí ẹni tí kò mọ ẹni tó ni ilé náà tẹ́lẹ̀. Alfa rán èèyàn wá pé kí wọ́n jọ̀ọ́ da epo sí i, kí wọ́n sun ún kíákíá. Kúbúrá ní kí oníṣẹ́ náà kí i, kó sọ fún un pé àpò kò tíì kún tán.

Ó ń fi omi sán ọwọ́ nígbà tí táásì kan dúró síwájú ilé. Husnah, ọmọ Alfa, ló kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀, ó ṣí ilẹ̀kùn fún ìyá rẹ̀. Àmínát jáde nínú aṣọ dúdú láti orí dé ẹsẹ̀, ìbọ̀sẹ̀ ní ẹsẹ̀, ìbọ̀wọ́ ní ọwọ́, ẹyinjú rẹ̀ nìkan la rí. Àwọn èrò là sí méjì. Ó dúró síwájú àwọn àpò náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka kà wọ́n láti òpin kan dé èkejì, ẹnu rẹ̀ ń mì lábẹ́ aṣọ. Ó kà wọ́n tán, ó padà kà wọ́n. Kúbúrá rò pé yóò sunkún, ó sún mọ́ ọn láti dì í mú.

“Ó ní àlá ni mò ń lá,” ni Àmínát wí.

“Ìyá Husnah, ẹ má wò ó mọ́.”

“Mo fẹ́ ọ̀kan nínú rẹ̀.” Ó kọjú sí awakọ̀. “Ṣí búùtù.”

Awakọ̀ ní wallahi, ọkọ̀ òun kò lè gbé nǹkan yìí. Àmínát kò dá a lóhùn, ó dúró sẹ́yìn búùtù títí tí ọkùnrin náà fi ṣí i. Kúbúrá béèrè ibi tó ń gbé e lọ. Ó ní Alfa ń kọ́ àwọn ọmọ lọ́wọ́ lábẹ́ igi máńgòrò, àwọn òbí wọn máa ń wá jókòó níbẹ̀ ní Sátidé, níwájú rẹ̀ gan-an, lórí ẹní, ni òun yóò gbé e lé. Husnah ń wo ìyá rẹ̀ bí ẹni tí kò rí i rí. Àmínát yọ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó fún ọmọ rẹ̀ mú dání, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó di etí àpò kan mú. Ó wúwo ju agbára rẹ̀ lọ. Omi ń ro nídìí rẹ̀.

Kò sí ẹnìkan nínú èrò tó mira. James ṣe bí ẹni fẹ́ wá, ó wo aṣọ dúdú náà, ó dúró. Kúbúrá fi ọwọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ gbá ìdí àpò náà mú, àwọn méjèèjì sì jọ gbé e sínú ọkọ̀.